Abẹ́rẹ́ Tó Ń Ka Ọgọ́rin

Ríwáyà ni mí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, èmi ni ẹ máa ń wá bá nígbà tí iná ọkọ̀ yín bá kọ̀ tí kò tàn, tí họ́ọ̀nù bá ń ké fúnra rẹ̀ láàárín ọjà, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ kàn ń ṣe "tẹ́, tẹ́, tẹ́" tí kò sì jí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é ní Aiyetoro, ẹ ò sì ní rí ọlọ́kọ̀ kan tó máa sọ pé mo wo ọkọ̀ òun tí mo ní n kò mọ ohun tó ń ṣe é. Yálà mo mọ̀ tàbí n kò mọ̀, n kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Wọ́n ní ọlọ́kọ̀ kò gbọ́dọ̀ rí iyèméjì lójú ríwáyà. Ọjọ́ tó bá rí i, ọjọ́ náà ló máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ burúkú gbáà ni. Ọ̀gá mi ti kú, n kò rí wọn bá jà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ, àti bí ìyá wa ṣe kú nínú rẹ̀. Mo lè sọ ọ́ ní ìlà méjì kí n sì dákẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, n ó tún fi èyí tó kàn mí pamọ́ ni, mo sì ti fi pamọ́ tó.

Àwa mẹ́ta ni màámi bí. Èmi ni àkọ́bí. Àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀lé mi, obìnrin kan ṣoṣo ló gbẹ̀yìn wa, òun ló ń ṣe tíṣà ní Ajilete, níbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Bàbá wa ti kú tipẹ́, nítorí náà èmi ni olórí ilé, ohun tí mo bá sì sọ labẹ gé. Àbúrò mi ọkùnrin yìí kò kúrò ní Ìlárá. Ó ń dáko ata àti tòmátì, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màámi sì ń gbé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀ yín. Èmi ni mo gba gbogbo ìbínú tó yẹ ká jọ pín.

Ní Ìlárá, àlejò kò lè mọ ibi tí Nàìjíríà parí sí àfi bó bá béèrè. Kí wọ́n tó ti bodè, apá Kétu, ní òdìkejì bodè, ni àwọn tó ń ra ata àbúrò mi ti ń wá. Wọ́n á dé láàárọ̀, "bọ̀ǹjúù" lẹ́nu wọn, wọ́n á bá màámi ṣeré, wọ́n á kó ẹrù wọn, ó parí. Ó ní pikọ́ọ̀pù kan nígbà náà, onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fà, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ṣe? Láti oko dé ilé ni.

Ìgbà tí bodè wá tì, ọjà kú. Ata ń pọ́n lóko, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Aiyetoro ló kù tí a lè tà á sí, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì sì pọ̀ lọ jàra: ẹ tò, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un dì. Ata kì í ṣe símẹ́ńtì. Nígbà tí yóò fi dé Aiyetoro, omi ti ń kán nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi wá ní òun á máa gba ọ̀nà oko, inú igbó, títí òun á fi yọ sí ìtòsí ọjà. Ọ̀nà yẹn! Ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè gbé màlúù mì. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbà á, ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ fi rì sí etí odò kan, ata jẹrà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó fẹsẹ̀ rìn wá bá mi ní ìsọ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára dé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi sọ ọkọ̀ yìí di akọ."

Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń so wáyà tó já, tí mo ń pààrọ̀ fíúsì tó jó. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe ohun tí orí mi lè ṣe rí. Mo yọ dáínámò kékeré tó wà lára rẹ̀, mo fi èyí tó tóbi sí i. Mo gbé bátìrì kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ọ̀kan má baà kú sínú igbó kó fi ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Mo fa wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò. Mo to iná mẹ́rin sórí rẹ̀, mo fi fáànù iná sí rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná nígbà tó bá ń ti ẹrẹ̀. Gbogbo wáyà yẹn ni mo fi rọ́bà wé kí omi má baà rọ́nà wọlé. Àwọn ríwáyà ẹgbẹ́ mi ń wá wò ó. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Iná nìkan kò lè gbé ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ilaro tó ń ṣe gíà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a gbé e lọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní díìfù ọkọ̀ títì, ìyẹn gíà tó ń yí táyà, ni wọ́n fi sí i láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, òun lè fi èyí tó lágbára rọ́pò rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó kó oríṣi méjì jáde. Ọ̀kan lágbára níwọ̀nba. Èkejì, ó ní, bí wọ́n bá so ó mọ́ ilé, ó lè fa ilé.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o," ó ní. "Ohun tí ẹ bá jèrè nínú agbára, ẹ ó pàdánù rẹ̀ nínú eré. Èyí tó lágbára jù yìí, lójú títì, ọkọ̀ náà á kàn máa pariwo ni."

Àbúrò mi ní kí a mú ti ìwọ̀nba. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Kí la wá ṣe níbí? Bí a ó bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ká jẹ èyí tó lẹ́yin. Ṣé eré sísá ni wọ́n ń bá ẹ dù nínú igbó ni?"

Ó wo díìfù méjèèjì, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n." Bí a ṣe mú èyí tó lágbára jù nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, bí a ṣe ń dán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ni pé a ó wá kùkùté igi tó ti gbó, a ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, a ó wò ó bóyá ọkọ̀ ló máa dúró tàbí kùkùté ló máa jáde. Kùkùté igi tíìkì ni wọ́n mú wa lọ bá lẹ́yìn Aiyetoro. Àbúrò mi tẹ ìtẹ̀sẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ kò tilẹ̀ janpata. Ilẹ̀ là, gbòǹgbò ń ya, kùkùté jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. Ẹ ò bá rí mi lọ́jọ́ yẹn! Mo ń rìn bí ẹni tó bí ìbejì. Láti ìgbà náà lọ, odò yẹn kò dá a dúró mọ́, ata ń dé ọjà ní tútù, màámi sì ń gbàdúrà fún mi láàárọ̀ láàárọ̀.

Kò ju oṣù kan lọ tí àbúrò mi tún fi dé ìsọ̀ mi. Ó ní ọkọ̀ náà dára nínú igbó, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ sí títì, kò ní eré. Alùpùpù ń kọjá òun. Ó ní màámi jókòó níwájú lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, síbẹ̀ ó kọ̀ kò rìn." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Inú bí mi. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta ló jókòó sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gbọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ táyà rí. Irin gbọọrọ tó ti inú gíà lọ sẹ́yìn ló ń kà. Bí ẹ bá ti fi díìfù tó lágbára sí ọkọ̀, irin yẹn á máa yí lọ́pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á máa gòkè, ọkọ̀ ò sì ní sáré. Eyín rọ́bà kékeré kan wà tí a máa ń pààrọ̀ kí abẹ́rẹ́ lè padà máa sọ òótọ́. Ọ̀rẹ́ mi onígíà ti rán mi létí rẹ̀ ní Ilaro. Mo ní n ó wá a. Mo gbàgbé, nígbà tó yá n kò kà á sí mọ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń ka ọgọ́rin, ọkọ̀ náà kò sá ju nǹkan bí àádọ́ta lọ.

Ǹjẹ́ kò yẹ kí n sọ ọ́ fún un? Kí n ní, "Àbúrò mi, díìfù tí mo yàn fún ẹ ti le jù, jẹ́ ká padà sí Ilaro"? Níwájú àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́ta? Mo wọ ọkọ̀, mo jókòó tì í, mo ní kó máa wà á lọ sí ojú títì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń ké kíkankíkan, mo nawọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Kí ni abẹ́rẹ́ yẹn kà?"

"Ọgọ́rin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó tán. Ṣé ojú rẹ ni ká gbà gbọ́ ni tàbí abẹ́rẹ́? Ọkọ̀ ti ga, ó sì ń pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé kò rìn. Ọgọ́rin lò ń sá yẹn."

Ó wo abẹ́rẹ́ náà dáadáa. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ojú ló ń tàn mí." Láti ọjọ́ náà ló ti gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Obì ti ẹnu tèmi, jíjẹrà ló jẹrà.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo wà ní Ìlárá. Mo ti lọ kí màámi láti ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí a mu ẹ̀kọ tán, wọ́n gbé àpótí sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń bú mi pé mo ti sanra jù. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ rọra." Wọn ò dáhùn. Nígbà tí mo wo ojú wọn, ẹnu wọn ti yí sí apá kan, itọ́ ń dà níbẹ̀. Yé è! Mo kígbe pe àbúrò mi, a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọ̀rọ̀ orí ni, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú orí kò sí nítòsí, pé Abẹ́òkúta ni kí a forí lé. "Bí ẹ bá tètè dé, ohun tí wọ́n lè ṣe wà. Bí ẹ bá pẹ́, kò sí. Ẹ má dúró níbì kankan."

Ọkọ̀ wo? Lákòókò yẹn, wọn kì í gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó wà nítòsí bodè mọ́. Ọkọ̀ tó wà ní àdúgbò, eruku ti bò wọ́n. Ti àbúrò mi nìkan ló ní epo, nítorí ó máa ń rọ tirẹ̀ pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tó bá lọ sí Aiyetoro. A tẹ́ màámi sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí wọn wà lórí itan mi, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ìka mi mú. Ọwọ́ ọ̀tún ti kú. Àbúrò mi wakọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, bí wọ́n ṣe yọjú wo inú ọkọ̀ báyìí ni wọ́n gbé igi kúrò lọ́nà. "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Ọlọ́run á fún Màmá lálàáfíà." Kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan máa ń sọ pé bodè ló pa màámi. Kì í ṣe bodè.

Nígbà tí a dé Imẹ̀kọ, a dúró kí àbúrò mi rọ epo kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré, tíṣà ni, Abẹ́òkúta ló ń lọ. Ó yọjú sí wa, ó rí màámi. Kò béèrè nǹkan kan, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ gbé Màmá síbí. Epo mi kún. Ọkọ̀ mi máa yá ju èyí lọ."

Àbúrò mi dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun gan-an, tíṣà. Ọgọ́rin ni èmi náà ń sá bọ̀. Bí a bá ń gbé wọn sókè sódò, a ó dá kún ìrora wọn ni." Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Àbí kí la ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá mo ní àwáwí kan. Mo lè sọ pé ẹ̀rù bà mí, orí mi kò pé. Irọ́ ni. Orí mi pé pérépéré. Mo mọ iye tí ọkọ̀ yẹn ń sá. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti pé yí wa ká, méjì nínú wọn jẹ́ oníbàárà mi, bí mo bá sì sọ pé kí wọ́n gbé màámi sínú ọkọ̀ tíṣà, àbúrò mi á béèrè pé nítorí kí ni, nígbà tó jẹ́ pé ọgọ́rin ni. Kí ni n ó sọ? Pé irọ́ ni mo pa? Mo rò ó lọ́kàn pé kò lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀, pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò lè tó nǹkan. Màámi ń wò mí láti orí itan mi. Wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Máa wakọ̀ lọ."

Tíṣà béèrè ilé ìwòsàn tí à ń lọ, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣíwájú wa. Kí a tó jáde ní ìlú, a ò rí i mọ́.

Mo ti rin ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé ó gùn. Ẹ́ńjìnnì ń ké, gbogbo ara ọkọ̀ ń gbọ̀n, igi ẹ̀bá ọ̀nà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bíi pé wọ́n ń kí wa. Bọ́ọ̀sì kan kọjá wa. Lọ́rí tó kó pákó kọjá wa. Alùpùpù tó gbé èèyàn mẹ́ta kọjá wa! Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, àbúrò mi á mirí.

"Ẹ wo ìwàkuwà. Ẹni yìí á ti máa sá tó ọgọ́fà. Wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

Ó ń bá màámi sọ̀rọ̀ láti iwájú: "Màámi, ẹ fara dà á, a ti ń dé o. Bí ọkọ̀ ṣe lè sá tó ni mo ń sá." Ẹ gbà mí o. Òótọ́ ni ó ń sọ. Bó ṣe lè sá tó náà nìyẹn.

A kọjá Aiyetoro, a kọjá iwájú ìsọ̀ mi gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ń nu itọ́ ẹnu wọn, mo ń pè wọ́n. Nígbà tí ilé Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ tó di ìka mi mú tú. Mo tún un dì mú. Ó tún tú. N kò sọ fún àbúrò mi. Mo jẹ́ kó máa wà á lọ, kó máa sọ fún wọn pé a ti dé.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì méjì dúró ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Tíṣà ló wà pẹ̀lú wọn. Ó ti lọ sọ fún wọn pé wọ́n ń gbé ìyá àgbàlagbà kan bọ̀ láti ọ̀nà Imẹ̀kọ, wọ́n sì ti ń retí wa. Ó sáré bá wa.

"Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí? Ṣé ọkọ̀ dá sílẹ̀ ni?"

"Rárá o," ni àbúrò mi wí. "A ò dúró rárá. Ọgọ́rin ni mo sá láti ibẹ̀."

Tíṣà wo ọkọ̀, ó wo àbúrò mi, ó wá gbé ojú rẹ̀ kalẹ̀ sí mi lára. Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi jáde wá sọ fún wa.

Ọkọ̀ náà ló tún gbé wọn padà sí Ìlárá, a sì sin wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí. Ẹni tó bá wá kí wa, àbúrò mi á jókòó tì í, á sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ọ̀bẹ ṣe bọ́, bí a ò ṣe dúró, bó ṣe ń sá ọgọ́rin. Wọ́n á ní, "O gbìyànjú, ọmọ dáadáa. Àkókò ló tó." Á ní, "Ọgọ́rin ni o." Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn. Àbúrò wa obìnrin dì mọ́ ọn, ó sunkún sí i lọ́rùn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tọ́jú màámi dópin. Èmi wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

Mo gbé e kiri lọ́kàn fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí n kò lè gbé e mọ́, mo lọ bá àbúrò mi ní oko, ó ń ro ìdí ata. Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: díìfù, eyín rọ́bà tí n kò pààrọ̀, ọjọ́ tí mo jókòó tì í lójú títì, ti Imẹ̀kọ. N kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó di ọkọ́ mú láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi èékánná họ erùpẹ̀ ara rẹ̀.

"Ní Imẹ̀kọ, nígbà tí mo bi yín. Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Kò bú mi. Ìbá bú mi, ara ìbá tù mí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí, ṣùgbọ́n tíṣà àti àbúrò wa obìnrin bá ara wọn pàdé níbi ìpàdé àwọn tíṣà. Ọ̀rọ̀ dé orí ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà kò mọ̀ pé ìyá ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ni, ó ṣàlàyé bí àwọn kan ṣe kọ ọkọ̀ òun ní Imẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò wa obìnrin wá sí Ìlárá, ó bá èmi náà níbẹ̀. Kò jókòó. Ó bọ́ sí àárín ilé, ó dojú kọ àbúrò mi.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ fún Màámi, tí ẹ sì kọ̀?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo wakọ̀. Èmi ni mo kọ̀ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé mo mọ ọkọ̀ mi."

Àbúrò wa obìnrin ké. Ohun tó sọ sí i lọ́jọ́ náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ò ní ẹ̀gbọ́n ní Ìlárá mọ́. Ó jáde. Mo bi àbúrò mi pé kí ló ṣe báyìí sí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni àgbà ilé, Ẹ̀gbọ́n. Bí òun bá kọ̀ yín, ta ló máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Èmi, mo lè fara dà á." Mo sì gbà. Mo jókòó síbẹ̀, olórí ilé, mo gbà á.

Wọ́n ti ṣí bodè. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ọmọ àbúrò mi gbéyàwó, àbúrò wa obìnrin kò wá. Àbúrò mi ṣàìsàn, ó gbọ́, kò yọjú. Ṣùgbọ́n ó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Aiyetoro, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń ra èso bọ̀ fún mi, ó ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi." Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀, àlàáfíà ọkọ rẹ̀ ni n ó tún máa béèrè. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kábàámọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, kí ló ṣe?

Nítorí náà mo kọ ọ́. Ìwọ tó wà ní Ajilete, àbíkẹ́yìn màámi, o mọ̀wé jù mí lọ, má wo àṣìkọ rẹ̀. Èmi ni mo yan díìfù yẹn. Èmi ni mo sọ pé ọgọ́rin ni. Àbúrò mi bi mí ní Imẹ̀kọ, èmi ni mo ní kó máa wakọ̀ lọ. Bí o bá ti kà á tán, má wá sí Aiyetoro. Ìlárá ni kó o lọ. Lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ.